Bí Ògúnrántí Ṣe Wá Ṣówándé Lọ sí Èbúté Tí Oòrùn Kì í Wọ̀

Ẹ sún mọ́ ibí. Ẹni tí ikọ́ bá ń yún lọ́fun, kí ó wú u tán báyìí. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ tọ̀, kí ó lọ kí ó padà, nítorí bí mo bá ti la ẹnu sí ìtàn yìí, n kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ọdẹ ni mí. Ogójì ọdún ni mo fi gbé ìbọn kọ́ èjìká, ẹfọ̀n tí ó wà nínú igbó wa sì ń fi orúkọ mi dẹ́rù ba ọmọ rẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n n kò wá sọ̀rọ̀ ara mi. Ọ̀gá mi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, Ògúnrántí ará Ìdó-Arẹ̀, ẹni tí ó kọ́ mi bí a ti ń tọpa ẹran lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìtàn yìí, ó tó ìgbà méjìlá, kò sì yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú rẹ̀ rí, àfi iye eyín iwin kan tí a óò bá pàdé níwájú.

Ògúnrántí ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tí ń jẹ́ Ẹfúnṣèyí. Ẹní ni obìnrin náà ń hun. Ó ga, ó rọra ń sọ̀rọ̀, kì í sì í sunkún. Ní ọgbọ̀n ọdún ṣáájú ọjọ́ tí mo ń sọ yìí, ọkọ rẹ̀, Ṣówándé apẹja, ju àwọ̀n sí èjìká láàárọ̀, ó ní òun ń lọ sí ìsàlẹ̀ odò, òun yóò dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò dé. Wọ́n wá a títí, ọkọ̀ rẹ̀ ni wọ́n rí, ó so ó mọ́ gbòǹgbò igi dáadáa bí ẹni tí yóò padà wá tú u. Kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí aṣọ, kò sí ipa ẹsẹ̀ ẹranko. Nítorí pé wọn kò rí òkú, wọn kò ṣe òkú. Ẹfúnṣèyí kò fá irun opó, wọn kò sì rí ọkọ kan nílé rẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ló wà.

Ní ọdún tí ìtàn yìí ṣẹlẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà kan tí ń jẹ́ Láwoyin, tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, bẹ̀rẹ̀ sí í wá jókòó lọ́dọ̀ Ẹfúnṣèyí lọ́sàn-án. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gbẹ́ odó fún un, ó tún ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣe, nígbà tó sì yá, ó ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ. Inú Ẹfúnṣèyí dùn sí i, kò sì fi pamọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ olórí ẹbí ọkọ rẹ̀, bàbá náà mi orí.

"A kò rí òkú ọmọ wa," ni ó wí. "Ìyàwó ilé wa ni ọ́ títí tí a ó fi mọ ibi tí ó wà. Bí ó bá padà dé lọ́la ńkọ́, kí ni kí n sọ fún un?"

Àwọn ẹbí Láwoyin pẹ̀lú sọ tiwọn. Wọ́n ní ọmọ àwọn yóò dúró di ìgbà tí iṣu tuntun bá jáde. Bí kò bá rí i fẹ́ nígbà náà, wọn yóò wá ẹlòmíràn fún un.

Oṣù mẹ́ta ló kù kí iṣu jáde nígbà tí Ẹfúnṣèyí gbé ẹní lọ sí ààfin Ọlọ́jà, tí ó sì rí àwòrán kan lára ògiri. Arìnrìn-àjò kan láti etí òkun ló fi ta Ọlọ́jà lọ́rẹ. Èbúté kan nílẹ̀ òkèèrè ni wọ́n yà síbẹ̀, níbi tí àwọn òyìnbó apẹja ń gbé. Ọ̀dà tí wọ́n fi òróró pò ni wọ́n fi kùn ún sórí aṣọ, ó sì ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú rẹ̀ ti sán wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ àbàtà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Síbẹ̀ oòrùn inú rẹ̀ kò ṣá. Omi rẹ̀ dúdú bí aró níbi tó jìn, ó sì mọ́ gaara létí bèbè. Àwọn ilé funfun gun ara wọn lórí lọ sókè, òrùlé wọn pọ́n bí epo tuntun. Ọkọ̀ ìpẹja mẹ́fà ló so mọ́ èbúté. Wọ́n sá àwọ̀n sára ògiri, obìnrin kan sì ru agbọ̀n ẹja, ìpẹ́ ẹja náà ń dán. Ní igun ọ̀tún nísàlẹ̀, ọkùnrin kan jókòó sórí agbọ̀n tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó kọ ẹ̀yìn sí ẹni tó ń wò ó, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Òun nìkan ni aláwọ̀ dúdú níbẹ̀. Ọwọ́ òsì ló fi di abẹ́rẹ́ mú, ó sì fi àwọ̀n kọ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kí ó lè le.

Ẹfúnṣèyí gbé ẹní sílẹ̀. Ó mọ ẹ̀yìn yẹn. Ó mọ àtàǹpàkò yẹn pẹ̀lú.

Nígbà tí ó bẹ Ọlọ́jà pé kí ó yá òun ní àwòrán náà, Ọlọ́jà kò jiyàn. "Ẹ gbé e lọ," ó ní. "Ó ń mú yàrá gbóná jù. Àwọn ìyàwó mi kò fẹ́ sùn níbẹ̀ mọ́."

Ẹfúnṣèyí gbé e tọ àbúrò rẹ̀ lọ. Ògúnrántí ń da òjé ìbọn lọ́wọ́.

"Àkànní," ni ó pè é, nítorí oríkì rẹ̀ nìyẹn, "wá èbúté yìí lọ fún mi. Bí o bá rí ọkùnrin yìí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kí o bi í."

"Kí ni kí n bi í, Ẹ̀gbọ́n mi?"

"Bi í pé ṣé ó ti kú ni, tàbí ó wà láàyè. Bí ó bá ti kú, kí n mọ̀. Bí ó bá wà láàyè, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìdí tí ó fi fi mí sílẹ̀. Èyí tí ó bá wù kí ó jẹ́, n óò gbà á."

"Ṣé kí n mú wọn bọ̀ wálé fún yín?"

"N kò ní kí o mú un bọ̀. Ìdáhùn ni mo ní kí o mú bọ̀."

Ògúnrántí fi ẹní wé àwòrán náà, ó dì í sẹ́yìn bí obìnrin ti ń pọnmọ, ó gbé ìbọn, ó sì lọ.

Ọjọ́ kẹrin ni ó wọ Igbó Àìpadà. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, èmi nìkan nínú gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wà níhìn-ín ni mo ti dé etí igbó náà, mo sì yára kúrò níbẹ̀. Nínú igbó náà, ọ̀gá mi dé pápá kan tí òkìtì ọ̀gán kún. Wọ́n tó igba. Gbogbo wọn ló dé fìlà ọdẹ. Bí ó ti ń wò wọ́n, ó rí fìlà kan tí ó mọ̀, ti ọdẹ ìlú wa kan tí ó sọnù nígbà tí òun ṣì wà ní kékeré. Kò fọwọ́ kàn án.

Iwin kan jáde láàárín àwọn ọ̀gán náà. Ojúlẹ́yìn ni orúkọ rẹ̀. Níwájú orí rẹ̀, irun ni. Ojú, imú àti ẹnu rẹ̀ wà ní ìpàkọ́, eyín mẹ́tàdínlógún sì wà nínú ẹnu náà. Nígbà mìíràn ọ̀gá mi a ní mọ́kàndínlógún. Ohun tí iwin yìí bá ti kọjá nìkan ló máa ń rí. Ó kọ ẹ̀yìn sí Ògúnrántí kí ó lè rí i.

Ẹ má bi mí pé èdè wo ni wọ́n fi sọ̀rọ̀. Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo ẹnu ló ń gbọ́ ara wọn.

"Ọdẹ," ni iwin náà wí, "ìbéèrè mẹ́ta ni mo ní. Bí o bá kùnà ọ̀kan, wàá di ilé fún ikán, ṣùgbọ́n n óò fi fìlà rẹ sílẹ̀ fún ọ. Omi wo ni oòrùn ń pa lójoojúmọ́ tí kì í fà, tí ẹja kún inú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè fi ṣan ẹsẹ̀?"

Ògúnrántí tú ẹní, ó gbé àwòrán sílẹ̀. "Omi inú èyí ni."

Iwin náà wò ó. Inú rẹ̀ kò dùn. "Ta ló ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò fi ojú kan lọ síwájú?"

"Ọkùnrin tó ń tún àwọ̀n ṣe yìí. Àna mi ni. Mo ti gbé e fún ọjọ́ mẹ́rin, kò tíì so kókó kan."

Ojúlẹ́yìn rẹ́rìn-ín, gbogbo eyín náà sì yọ síta. "Ó dára. Èyí tó kù nìyí. Mo rí ọkọ̀, mo rí ilé, mo rí obìnrin ẹlẹ́ja, mo rí àna rẹ. Ẹnì kan wà ní èbúté yẹn tí kò sí nínú àwòrán. Ta ni, ibo ló sì wà?"

Ibí yìí ni òógùn ti bọ́ lójú ọ̀gá mi. Ó wo àwòrán náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó wo abẹ́ ọkọ̀, ó wo ojú fèrèsé. Òkìtì ọ̀gán ti ń rú díẹ̀díẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó tẹ̀ sẹ́yìn kí ó lè wò ó dáadáa sí i, ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró sí ló sì mú kí ó rí ìdáhùn.

"Ẹni tí ó yà á ni," ó wí. "Ó dúró sí ibi tí mo dúró sí yìí. Ó ń wò wọ́n."

Iwin náà yà kúrò lọ́nà. "Máa lọ. Mú àwòrán náà dání, kí o máa fi òjìji ara rẹ wé òjìji àwọn ọkọ̀ yẹn. Ọjọ́ tí méjèèjì bá tẹ̀ sí ibì kan náà, tí wọ́n sì gùn dọ́gba, o ti dé. Ẹni tí o dárúkọ yẹn ni kí o wá."

Lẹ́yìn Igbó Àìpadà ni ìlú kan tí ìkùukùu bò. Oòrùn kò là níbẹ̀ rí. Aṣọ àwọn ará ibẹ̀ kì í gbẹ, olú ń hù lẹ́yìn etí àwọn àgbà wọn, ara wọn sì funfun bí ọ̀mùnú iṣu tó hù nínú òkùnkùn. Gbogbo wọn ló ń fi imú dídí sọ̀rọ̀. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ọ̀rinrin ló ń jọba lé wọn lórí.

Bí Ògúnrántí ti ń kọjá lọ láàárín ìlú, ó rí i pé àwọn ènìyàn ń tẹ̀lé òun, ojú wọn kò kúrò lẹ́yìn òun. Ooru tó ń ti inú ẹní jáde ni wọ́n ń tẹ̀lé. Kó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n ti tú ẹrù náà, wọ́n ti gbé àwòrán kọ́ sára igi láàárín ìlú, oòrùn inú rẹ̀ sì tàn sí wọn lójú. Wọn kò hó yèè. Wọ́n kàn jókòó. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ẹnì kan bọ́ aṣọ rẹ̀, ó sá a síwájú àwòrán, gbogbo wọn sì tẹ̀lé e: aṣọ, ata, irúgbìn, ìrọ̀rí. Bàbá arúgbó kan nawọ́ sí i títí ọwọ́ rẹ̀ fi gbẹ, ó fi ọwọ́ gbígbẹ náà kan ojú ara rẹ̀, ó sì ń sunkún.

"Ọdẹ," ni Ìyá Ọ̀rinrin wí, "ìwọ lè máa lọ. Èyí kò lọ."

"Ẹ̀gbọ́n mi ló rán mi, Ìyá. Láìsí i, n kò lè mọ ọ̀nà."

"Mo gbọ́. Kò lọ."

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí gbogbo wọn ń sun oorun ọ̀sán nínú ooru tuntun náà, Ògúnrántí já àwòrán kúrò lára igi, ó sì gba ọ̀nà ẹ̀yìn ìlú. Obìnrin kan bá a ní bodè. Ó gbé ọmọ kan lọ́wọ́ tí ó ti ń wú ikọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, tí kò sì tíì wúkọ́ láti àná. Kò pariwo. Ó kàn di etí ṣòkòtò rẹ̀ mú.

Ọ̀gá mi pa ẹkùn mẹ́ta láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ bí a ti ń ja ọwọ́ obìnrin náà kúrò lára ṣòkòtò. Ó padà sí àárín ìlú, ó sì pe Ìyá Ọ̀rinrin.

"Ẹ wò ó," ó ní. "Lókè àwòrán yìí, ojú ọ̀run nìkan ló wà, àti oòrùn. Kò sí ènìyàn kankan níbẹ̀. Nísàlẹ̀ ni iṣẹ́ mi wà. Ẹ jẹ́ kí n gé e sí méjì."

"Ìwọ ló sọ ọ́," ni Ìyá Ọ̀rinrin wí.

Ògúnrántí fa ọ̀bẹ yọ, ó gé aṣọ náà láti apá òsì dé apá ọ̀tún, lókè òrùlé ilé tó ga jù. Wọ́n rán ojú ọ̀run náà mọ́ ọ̀pá gígùn, wọ́n gbé e ró, ó sì ń tàn. Èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ èbúté tí kò lórí, ṣùgbọ́n òjìji àwọn ọkọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ìyá Ọ̀rinrin ní kí ọkùnrin mẹ́wàá fi ọkọ̀ gbé e la irà tó wà lẹ́yìn ìlú wọn kọjá, irà tí kò sí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn jáde nínú rẹ̀.

Ó rìn lọ fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún mìíràn lẹ́yìn irà náà. Ó rìn pẹ̀lú ojú nílẹ̀, ó ń wo òjìji ara rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó rí i pé òjìji náà ti bá ti àwọn ọkọ̀ dọ́gba, ó gbé ojú sókè, èbúté náà sì wà níwájú rẹ̀.

Ohun tí kò sí nínú àwòrán ni òórùn ẹja àti bí ó ti rẹ àwọn ènìyàn ibẹ̀ tó. Obìnrin ẹlẹ́ja náà wà níbẹ̀. Ó gbé agbọ̀n rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ó fọwọ́ pa ọrùn, ó tún gbé e rù. Àwọn apẹja ń ká okùn tí wọ́n ti ká. Oòrùn wà lójú kan, ó ń pa wọ́n. Lábẹ́ igi kan, òyìnbó arúgbó kan tó dé akẹtẹ̀ dúró níwájú igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí kò sí ohunkóhun lórí rẹ̀. Ó di búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Ògúnrántí mọ̀ pé ẹni tí ó ya àwòrán náà nìyí, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Ṣówándé ló kọ́kọ́ lọ.

Ó yí lọ sí iwájú rẹ̀. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ló jókòó níbẹ̀. Irun dúdú, eyín pé, kò sí ìlà kan níwájú orí. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Ògúnrántí nígbà tí ọkùnrin yìí kúrò nílé. Ó ti di ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta báyìí, irùngbọ̀n rẹ̀ sì ti hu funfun. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún àna rẹ̀, ṣùgbọ́n Ṣówándé ti ṣáájú rẹ̀ dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú ìrìn o, Bàbá. Ẹ̀yin nìkan ni mo rí tó jọ ará ilé níhìn-ín."

"Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Àkànní ni mí. Àbúrò Ẹfúnṣèyí."

Ṣówándé bú sẹ́rìn-ín. "Àkànní? Àkànní tí mo fi sílẹ̀ láàárọ̀ yìí tí ó ń lé ewúrẹ́? Ẹ̀yin ará ilé wa, ẹ mà fẹ́ràn àwàdà o."

Ògúnrántí kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n bi yín pé, ṣé ẹ ti kú ni, tàbí ẹ wà láàyè?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Ṣé nítorí pé mo pẹ́ díẹ̀ ni? Ẹ sọ fún un pé mo ń bọ̀. Bàbá alákẹtẹ̀ yẹn ló bá mi níbi tí mo so ọkọ̀ mi mọ́, ó bẹ̀ mí, mo sì tẹ̀lé e wá. Ó ní ẹnì kan ló kù òun sí igun ọ̀tún, kí n jókòó kí n máa ṣe àwọ̀n mi. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, oníkálukú á lọ. Mo fún un lọ́rọ̀ mi." Ó wo òkè, ó sì di ojú. "Ọjọ́ òní ló kàn gùn."

Ọ̀gá mi kò lè sọ fún un. Ó ní ó ti kọjú ìjà sí ohun tó ní ìwo, ohun tó ní èékánná, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kọ̀ láti la níwájú ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn. Ó tọ ayàwòrán lọ.

"Ẹ tú àna mi sílẹ̀," ó wí.

"Mo dè é ni?" ni òyìnbó náà dáhùn. "Ẹnikẹ́ni kò lè lọ kí iṣẹ́ tó parí. Mo ti ń ṣe é kí a tó bí bàbá rẹ. Ọkùnrin tó jókòó sí igun yẹn ló kù mí, mo yà á tán, ó ku ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí n óò fi búrọ́ọ̀ṣì kan ojú ọ̀run. Mo lọ fọ búrọ́ọ̀ṣì létí omi. Kí n tó dé, atukọ̀ kan ti jí àwòrán náà gbé. Báwo ni n óò ṣe parí ohun tí n kò rí? Bí n kò bá sì parí rẹ̀, báwo ni ilẹ̀ yóò ṣe ṣú?"

Ògúnrántí tú ẹní. Ayàwòrán náà pariwo ayọ̀, ó gbá àwòrán náà mọ́ra, ó gbé e lé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ó rí ibi tí ọ̀bẹ gbà kọjá.

"Ojú ọ̀run mi dà?"

"Mo fún àwọn tí kò ní."

Ẹ wo bí òyìnbó náà ṣe fò sókè! Ó já akẹtẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó pe Ògúnrántí ní orúkọ tí a kò lè pè níwájú àwọn obìnrin. Ọ̀gá mi jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ tán. Ó gbé ìbọn rẹ̀ ti ìdí igi. Kò nà án sí i, ó kàn gbé e sí ibi tí ojú rẹ̀ yóò ti tó o. Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó ya ẹ̀yìn rẹ̀ gbọọrọ, ó mú abẹ́rẹ́ àwọ̀n Ṣówándé, ó sì rán aṣọ náà mọ́ ibi tí ó gé.

"Ẹ yà á síbẹ̀," ó wí.

Ayàwòrán ṣí agolo ọ̀dà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó dà bí aró ti gbẹ gan-an. Funfun ti di òkúta. Pupa ló kù, àti àwọ̀ eérú, àti dúdú. Ó dúró pẹ́, ó ń wo agolo, ó ń wo ọ̀run. Nígbà tó yá, ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ pupa. Ó kùn ún láti etí òkun lọ sókè, ó fi àwọ̀ eérú lé e, ó fi dúdú díẹ̀ parí rẹ̀. Ó tẹ̀ sẹ́yìn.

"Ẹ̀n-ẹ́n," ó wí jẹ́jẹ́. "Ohun tí àwòrán yìí ń fẹ́ láti ọjọ́ yìí nìyí."

Oòrùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀.

Òjìji gùn lórí òkúta. Atẹ́gùn dìde láti ojú omi. Gbogbo èbúté náà mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n gbogbo ọdún tí wọ́n jẹ ní gbèsè ń bọ̀ wá bá wọn. Àwọn tí wọ́n ti wà níbẹ̀ kí a tó bí bàbá Ògúnrántí gbé ẹrù wọn sílẹ̀, wọ́n dùbúlẹ̀ lórí òkúta tó ṣì gbóná, nígbà tí ọ̀gá mi sì wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, aṣọ nìkan ló kù. Obìnrin ẹlẹ́ja náà jókòó kí ó tó dùbúlẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹnikẹ́ni kò ké. Ayàwòrán nu búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó gbé àwòrán náà há abíyá, ó dé akẹtẹ̀, ó gba etí omi lọ. Kò wẹ̀yìn, a kò sì gbọ́ ibi tó dé.

Ògúnrántí sáré tọ Ṣówándé lọ. Irun orí rẹ̀ ń funfun láti ẹ̀bá etí lọ sókè, bí iná ti ń jó koríko. Awọ ọwọ́ rẹ̀ ń kákò. Eyín méjì bọ́ sí i lọ́wọ́, ó sì ń wò wọ́n.

"Àkànní," ó wí, ohùn rẹ̀ ti di ti àgbàlagbà, "ọdún mélòó ni?"

"Ọgbọ̀n ọdún ni, Ẹ̀gbọ́n."

Ó ká ọwọ́ mọ́ eyín méjèèjì náà. "Ilẹ̀ ti ṣú," ó wí. "Jẹ́ ká máa lọ."

Ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà padà, n kò sì ní tún un sọ. Ní ìlú ìkùukùu, Ìyá Ọ̀rinrin ràn wọ́n lọ́wọ́ la irà kọjá, ó sì ń ráhùn pé ooru ti pọ̀ jù.

Iṣu tuntun ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí ó jáde nígbà tí wọ́n wọ Ìdó-Arẹ̀. Ẹfúnṣèyí ń hun ẹní lójúde. Ó gbé ojú sókè, ó rí àbúrò rẹ̀ tí kò wọ ẹ̀wù, ó rí àgbàlagbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó wo ọwọ́ òsì àgbàlagbà náà. Ó dìde, ó bu omi, ó kúnlẹ̀ gbé e fún un. Ṣówándé mu ún, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ọkọ̀ tó so mọ́ gbòǹgbò igi dé orí eyín tó bọ́.

"N kò fi ọ́ sílẹ̀, Ẹfún," ó ní. "Lójú mi, àná ni."

"Mo gbà yín gbọ́," ni Ẹfúnṣèyí wí. "Ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ọdún yẹn, ìrọ̀lẹ́ kan ló dé bá yín. Èmi, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo gbà á. Mo mọ gbogbo wọn."

Ṣówándé tẹ orí ba. "Sọ wọ́n fún mi, bẹ́ẹ̀ náà, lọ́kọ̀ọ̀kan."

Ó sọ wọ́n fún un. Ọjọ́ méje ló gbà wọ́n. Ó sọ ọdún tí òjò kò rọ̀, ọdún tí ìyá Ṣówándé kú lọ́wọ́ rẹ̀, ọdún tí ó máa ń gbé ọbẹ̀ ka iná fún ẹni méjì, àti ọdún tí ó ṣíwọ́. Ó sọ ti Láwoyin pẹ̀lú, kò fo ohunkóhun. Ṣówándé kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

Ní ọjọ́ kẹjọ ó lọ bá olórí ẹbí rẹ̀, ọkùnrin tí ó fi sílẹ̀ ní ọ̀dọ́, tí ó ti di arúgbó. Ó ní kí ó pe gbogbo ẹbí jọ.

"Ọmọ yín tó fẹ́ Ẹfúnṣèyí," ó wí fún wọn, "ọkùnrin tó lọ láàárọ̀ yẹn ni. Ẹ wò mí dáadáa. Ṣé èmi ni?"

Wọ́n wò ó. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé òun ni.

"Kò padà wá mọ́. Ó ti kú. Ẹ ṣe òkú rẹ̀ fún obìnrin yìí."

Olórí ẹbí ní irú èyí kò ṣẹlẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n mú ewúrẹ́ wá. Wọ́n pa ewúrẹ́, wọ́n fi ẹní wé àwọ̀n ògbólógbòó kan, wọ́n sì sin ín. Ṣówándé jókòó láàárín àwọn ẹbí, ó jẹ nínú oúnjẹ òkú náà. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwà rere olóògbé, tí wọ́n ní ó lawọ́, tí wọ́n ní ó rẹwà, ó ní kí wọ́n má gbàgbé pé ó mọ àwọ̀n ún ṣe.

Ọ̀sẹ̀ tí iṣu jáde ni Láwoyin gbé Ẹfúnṣèyí níyàwó. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ òkú yẹn, ohun tí ọ̀gá mi rí ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi rí. Bí wọ́n ti ń bu yẹ̀pẹ̀ lé ẹní náà, ọgbọ̀n ọdún dé bá Ẹfúnṣèyí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Obìnrin tí kì í sunkún wó lulẹ̀, ó ń pe ọkùnrin tó lọ láàárọ̀. Àgbàlagbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fi ọwọ́ òsì gbé e dìde, ó fà á mọ́ra, ó sì fi etí aṣọ ara rẹ̀ nu ojú fún opó Ṣówándé.